Gàárì fún Bàbá Ràdíyàtù

Ní Koumassi l'Abidjan, níbi tí òórùn gọ́ọ̀mù àti òórùn ọ̀sà ti jọ ń du imú èèyàn, Mùkàrámà oníṣẹ́ awọ, ọmọ Ọ̀yọ́, jókòó lábẹ́ búkà páànù rẹ̀, ó ń rán àpò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún 2004. Ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun já wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àgékù awọ, táì ọrùn rẹ̀ sì kó sínú agolo gọ́ọ̀mù.

GANÍYÙ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ gbà mí!

MÙKÀRÁMÀ: Dìde, táì ẹ ti ń mu gọ́ọ̀mù. Ta ló ń lé ọ? Ọlọ́pàá ni?

GANÍYÙ: Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Ìyá. Ganíyù lorúkọ mi. Iṣẹ́ awọ ni mo fẹ́ kọ́.

MÙKÀRÁMÀ: Alhamdulilahi! Ó pẹ́ tí mo ti rí ọmọ tó mọ ìkíni. Ọdún mẹ́ta ni. Ọdún kìíní, wàá máa gbálẹ̀. Ọdún kejì, wàá máa wò mí. Ọdún kẹta, bí inú mi bá dùn, wàá fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

GANÍYÙ: Sátidé ni mo fẹ́ parí.

MÙKÀRÁMÀ: Sátidé ọdún wo?

GANÍYÙ: Sátidé yìí.

MÙKÀRÁMÀ: Kí lo fẹ́ rán? Bọ́tìnnì?

GANÍYÙ: Gàárì ni, Ìyá. Gàárì ẹṣin.

Mùkàrámà rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbọ́ pẹ̀lú nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́wọ́.

MÙKÀRÁMÀ: Ta ló ń gẹṣin ní Abidjan? Tàsí wọ́rọ̀-wọ́rọ̀ là ń wọ̀ níbí.

GANÍYÙ: Alhaji Tìjání tó ń taṣọ l'Adjamé ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tiyín ni wọ́n. Wọ́n ti ra ẹṣin kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó màlúù wá láti apá òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n ní gbogbo bàbá àwọn ló gẹṣin lọ yídì lọ́jọ́ Iléyá, àwọn náà ò ní fẹsẹ̀ rìn lọ́dún yìí.

MÙKÀRÁMÀ: Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

GANÍYÙ: Ràdíyàtù ọmọ wọn ló kàn mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Ìyá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ mi ní bùrò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, "Ràdíyàtù" ni mò ń jẹ́.

MÙKÀRÁMÀ: Fẹ́ ẹ nígbà náà.

GANÍYÙ: Bàbá rẹ̀ ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ ọwọ́ wo ni mo mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo dorí kodò. Bàtà mi ni mo rí nílẹ̀, mo bá ní, "Iṣẹ́ awọ ni."

MÙKÀRÁMÀ: Ká ní òkè lo wò ńkọ́?

GANÍYÙ: Ǹ bá ní iṣẹ́ páànù ni.

MÙKÀRÁMÀ: Kí ni Alhaji wá sọ?

GANÍYÙ: Wọ́n fò sókè, Ìyá! Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní Ọlọ́run ló rán mi wá. Wọ́n ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe gàárì fún àwọn, kí n gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ọjọ́ Àìkú ni Iléyá. Wọ́n búra lójú gbogbo ilé pé bí àwọn bá jókòó lórí ẹ̀ tí àwọn fi dé yídì, Ràdíyàtù di tèmi. Bí àwọn bá ṣubú lójú ọ̀nà, èmi náà ti ṣubú nìyẹn.

MÙKÀRÁMÀ: O wá jẹ́wọ́ fún wọn pé irọ́ lo pa?

GANÍYÙ: Mo bi wọ́n pé irú àwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́.

Mùkàrámà rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ká má parọ́, obìnrin náà láàánú lójú. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé láti ọjọ́ tó ti dé Abidjan, kò tíì sí ẹni tó gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀ rí.

MÙKÀRÁMÀ: Ọlọ́run yọ ọ́. Bàbá mi ló ń ṣe gàárì fún àwọn ọlọ́lá l'Ọ́yọ̀ọ́. Inú awọ ni wọ́n bí mi sí.

GANÍYÙ: Ẹ ti ṣe gàárì rí nìyẹn?

MÙKÀRÁMÀ: Àpò tí mo ti rán, bí wọ́n bá tò ó sílẹ̀, á dé ìlú Bassam. Kí ni gàárì, bí kì í ṣe àpò tí èèyàn ń jókòó lé?

GANÍYÙ: Ẹ ti rí ẹṣin rí?

MÙKÀRÁMÀ: Èmi? Èmi tí mò ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin! Rọra, má jẹ́ kí lèmọ́mù gbọ́. Mo mọ̀ wọ́n lórúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹṣin nọ́ńbà kẹfà ló já mi kulẹ̀, ọ̀lẹ ni.

GANÍYÙ: Àwọn tinú ìwé tẹ́tẹ́ nìyẹn, Ìyá. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń sáré.

MÙKÀRÁMÀ: Ṣé ẹṣin Faransé kì í ṣe ẹṣin ni? Níbo ni Alhaji so tiẹ̀ mọ́, ká lọ wọ̀n ọ́n?

GANÍYÙ: Wọ́n gbé e pamọ́. Wọ́n ní ojúlówó ọmọ onígàárì kì í béèrè ẹṣin. Wọ́n ní ó ti mọ̀ ọ́n lọ́kàn.

MÙKÀRÁMÀ: Òótọ́ ni. Bàbá mi náà kì í béèrè.

GANÍYÙ: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Mùkàrámà gbójú sókè, ó wo páànù, ó sì rí ìdáhùn níbẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Òwe! Àwọn àgbà ti sọ gbogbo ohun tó wà lára ẹṣin tán. Gbọ́ èyí: "Bí a bá gẹṣin tí a ò ju ìpàkọ́, ẹṣin á máa bá wa jù ú." Kí lo rí kọ́ níbẹ̀?

GANÍYÙ: Pé ipò ọlá ní ìṣe tiẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Ìwé lo kà jù. Pé ìpàkọ́ ń mì ni! A ó ṣe ibi ìgbórílé sí gàárì Alhaji, kí ọrùn wọn má bàa já. Òmíràn: "Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn."

GANÍYÙ: Pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ jáwọ́.

MÙKÀRÁMÀ: Pé kò sí ẹṣin tí kì í dá èèyàn! Bẹ́líìtì. A ó fi bẹ́líìtì de Alhaji mọ́ ọn bíi ti inú tàsí.

GANÍYÙ: Tàsí Abidjan ò ní bẹ́líìtì.

MÙKÀRÁMÀ: Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá èèyàn. Òmíràn: "Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré." Ẹṣin mélòó ni Alhaji ní?

GANÍYÙ: Ọ̀kan ni.

MÙKÀRÁMÀ: Ha. Kí lòun máa wá wò sáré?

GANÍYÙ: Mi ò mọ̀, Ìyá.

MÙKÀRÁMÀ: A ó so dígí síwájú rẹ̀, kó máa wo ara rẹ̀ sáré.

Ganíyù, tó gba ìwé ẹ̀rí gíga nínú ìṣirò, mi orí pé ó dáa. Ìfẹ́ ti gba ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Ó ku ìbú ẹ̀yìn. Òwe ò sọ ìbú ẹ̀yìn. Ganíyù, jọ̀ọ́, kí mi bó o ṣe kí mi lẹ́ẹ̀kan.

GANÍYÙ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.

MÙKÀRÁMÀ: Má dìde! Wà bẹ́ẹ̀. Ó ti tẹ́ jù, ẹṣin kì í tẹ́ báyẹn. Gbé ìdí sókè. Sókè sí i. Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Orúnkún sílẹ̀. Voilà! Ẹṣin dé.

GANÍYÙ: Ìyá, bùrò ni mo ti ń bọ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Ẹṣin kì í sọ̀rọ̀.

Ó fa téèpù yọ, ó fi wọn ọmọ ọlọ́mọ láti ìpàkọ́ dé ìbàdí.

GANÍYÙ: Ṣé ẹ̀yìn ẹṣin ò tóbi ju tèmi lọ?

MÙKÀRÁMÀ: Bí ẹṣin ńlá ṣe wà ni ti kékeré wà. O sanra tó. Má fọwọ́ họ imú, ẹṣin ò lọ́wọ́.

GANÍYÙ: Eṣinṣin ló bà lé e.

MÙKÀRÁMÀ: Fi ìrù lé e.

GANÍYÙ: Mi ò nírù!

MÙKÀRÁMÀ: Ohun tó ń mú kí iṣẹ́ yìí le nìyẹn. Dúró gírí, mo fẹ́ jókòó.

GANÍYÙ: Ẹ fẹ́ jókòó síbo? Yéè! Ìyá!

MÙKÀRÁMÀ: Ṣé Alhaji sanra jù mí lọ ni àbí mo sanra jù wọ́n lọ?

GANÍYÙ: Wọ́n... wọ́n tún sanra díẹ̀ sí i.

MÙKÀRÁMÀ: Ó dáa. Jẹ́ kí n gbé àpótí yìí dání.

Obìnrin kan tó gbé oúnjẹ àtíékè kọjá dúró. Ó wo ẹni tó wà lókè, ó wo ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó bá a kẹ́dùn pé, "Yákò, mon petit," ó bá tirẹ̀ lọ.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ganíyù kò dé bùrò.

MÙKÀRÁMÀ: Òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì. Fi ìda pa òwú náà. Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, ihò kan náà ni wọ́n ń gbà.

GANÍYÙ: Bí wọ́n bá pàdé láàárín ńkọ́?

MÙKÀRÁMÀ: Kí wọ́n kíra wọn. Tẹ̀ síwájú. Rọra o! Awọ ò gbẹ̀bẹ̀. Ibi tó o bá lu, ó ti lu nìyẹn títí ayé.

GANÍYÙ: Ìka mi náà ńkọ́?

MÙKÀRÁMÀ: Ìka máa ń jinná. Awọ ni kó o máa ṣọ́.

Ganíyù rán an títí oòrùn fi wọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nu òógùn, gàárì sì bá ọwọ́ náà gòkè.

GANÍYÙ: Ìyá, mo ti rán apá ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́ ọn.

MÙKÀRÁMÀ: Fà á.

GANÍYÙ: Kò já.

MÙKÀRÁMÀ: Fà á gidi.

GANÍYÙ: Kò já, Ìyá!

MÙKÀRÁMÀ: Ọmọ mi! O ti mọ iṣẹ́!

Inú Ganíyù dùn débi pé ó sunkún díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan tí kò já rí, ẹ ò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà. Apá ṣẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n gé, wọn ò fọwọ́ kan ojú rírán rárá. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, gàárì ti ń dà bíi nǹkan, ṣùgbọ́n irú nǹkan tó ń dà bíi rẹ̀ ni ìdààmú.

GANÍYÙ: Ìyá, kí lèyí tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

MÙKÀRÁMÀ: Àpò ni. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ṣíìpù rèé.

GANÍYÙ: Kí ni ẹṣin fẹ́ fi àpò ṣe?

MÙKÀRÁMÀ: Alhaji ńkọ́? Níbo ni kí wọ́n fi fóònù sí? Níbo ni tẹ̀sùbáà máa wà?

GANÍYÙ: Okùn gígùn tẹ́ ẹ so mọ́ òkè yìí ńkọ́?

MÙKÀRÁMÀ: Ti èjìká ni. Bí ó bá rẹ ẹṣin, kí Alhaji gbé gàárì kọ́ èjìká, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rin ìyókù.

GANÍYÙ: Ìyá, ẹ fi Ọlọ́run sọ ọ́ fún mi. Ṣé gàárì lèyí?

MÙKÀRÁMÀ: Bí kì í bá ṣe gàárì, kí ni?

GANÍYÙ: Ó jọ àpò tí ìyàwó olówó ń gbé lọ ìgbéyàwó.

MÙKÀRÁMÀ: Ìyẹn túmọ̀ sí pé yóò wu Alhaji.

Ní Sátidé, Ganíyù dé pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, ó fẹ́ gbé gàárì rẹ̀ kó máa lọ. Mùkàrámà ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Irin kékeré kan àti ọ̀já awọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Ó ku ìjánu. La ẹnu.

GANÍYÙ: Kí n la kí ni?

MÙKÀRÁMÀ: Ẹnu. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n.

GANÍYÙ: Rárá o! Mo ti fún yín ní ẹ̀yìn mi. Orúnkún mi ti bó. Ẹnu yìí nìkan ló kù tí mo máa fi bẹ Alhaji lọ́la.

MÙKÀRÁMÀ: Ta ló ń gbé gàárì kalẹ̀ láìsí ìjánu? Ẹṣin á gbé wọn dé ìlú Bouaké lọ́hùn-ún!

GANÍYÙ: Kó gbé wọn lọ! Ṣé kì í ṣe pé kí wọ́n má ṣubú ni?

MÙKÀRÁMÀ: Ganíyù, ẹṣin tí kò níjàánu, ta ni yóò máa darí rẹ̀?

GANÍYÙ: Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn tèmi!

Ó gbé gàárì kọ́ èjìká, okùn rẹ̀ sì wúlò níbẹ̀. Ó fò sínú wọ́rọ̀-wọ́rọ̀. Mùkàrámà fi ìjánu kọ́ sára ìṣó, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Látọjọ́ náà, oorun ò kun obìnrin yìí. Ó se ẹran Iléyá, kò rántí fi iyọ̀ sí i. Àyà rẹ̀ ń já pé ọmọ ọlọ́mọ lè pàdánù ìyàwó nítorí ẹnu òun tí kì í sọ pé òun ò mọ̀. Ọjọ́ Ajé tí í ṣe ọjọ́ kejì Iléyá, ó ṣí búkà. Ganíyù ló yọ lókèèrè yẹn, ó so táì tuntun, ó tẹ̀ kòlòbà bí ẹni ń wá owó ẹyọ nílẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Ganíyù! Wọ́n ṣubú?

GANÍYÙ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nàró, Ìyá.

MÙKÀRÁMÀ: Nàró ká gbọ́.

GANÍYÙ: Ibi tí mo lè nà dé nìyí.

MÙKÀRÁMÀ: Ọmọ mi, dárí jì mí. Mo parọ́ fún ọ. Bàbá mi ṣe gàárì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni èmi máa ń wà. Mi ò fọwọ́ kan ẹṣin rí láyé mi!

GANÍYÙ: Mo mọ̀, Ìyá. Ìgbà tá a gbé gàárì lé ẹṣin ni mo mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò bíi tábìlì. Gàárì wa kàn lé téńté sórí ẹ̀ ni.

MÙKÀRÁMÀ: Àwọn bẹ́líìtì ńkọ́?

GANÍYÙ: Ti abẹ́ ikùn ò dé abẹ́ ikùn. Ẹṣin bá yíjú, ó rí ara rẹ̀ nínú dígí.

MÙKÀRÁMÀ: Ó sáré?

GANÍYÙ: Ó dúró. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fà á, kò wá. Ara rẹ̀ ló ń wò.

MÙKÀRÁMÀ: Ṣé ó lẹ́wà?

GANÍYÙ: Ìyá!

MÙKÀRÁMÀ: Mo kàn béèrè ni. Kí ni Alhaji sọ?

GANÍYÙ: Gbogbo Williamsville tí Alhaji ń gbé ti jáde síta. Àwọn èèyàn wọn láti Adjamé ti wọ agbádá. Ojú Alhaji pọ́n. Wọ́n ní, "Ganíyù! Ẹ̀yìn ta lo fi wọn gàárì yìí?" Ràdíyàtù ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: O ṣe dáadáa.

GANÍYÙ: Mi ò ṣe dáadáa, Ìyá! Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi ti mọ́ mi lára. Bí mo ṣe ní kí n dọ̀bálẹ̀ báyìí, ìdí mi lọ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Orúnkún sílẹ̀.

MÙKÀRÁMÀ: Háà!

GANÍYÙ: Alhaji wo gàárì. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n tún wo gàárì.

MÙKÀRÁMÀ: Má sọ ọ́.

GANÍYÙ: Wọ́n gbé e lé mi.

MÙKÀRÁMÀ: Ó bá ọ mu?

GANÍYÙ: Rẹ́gí.

MÙKÀRÁMÀ: Bẹ́líìtì ńkọ́?

GANÍYÙ: Ó wọ ihò rẹ̀ láìfà.

MÙKÀRÁMÀ: Mo ní mo mọ iṣẹ́! Ẹṣin yẹn ló ní àṣìṣe!

GANÍYÙ: Alhaji ní àwọn ti búra pé orí gàárì tí mo ṣe làwọn máa jókòó dé yídì. Wọ́n ní àwọn ò dárúkọ ẹṣin nínú ìbúra náà. Wọ́n bá gùn mí.

MÙKÀRÁMÀ: Dé yídì?

GANÍYÙ: Dé yídì! Pẹ̀lú agbádá!

MÙKÀRÁMÀ: Ẹṣin wá dúró sílé?

GANÍYÙ: Ẹ̀yìn wa ló wà. Gbàrà tí mo ṣí lọ ló ń tẹ̀ lé mi, kò ya ọ̀tún, kò ya òsì.

MÙKÀRÁMÀ: Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn àgbà ò parọ́. Wọn ò ṣubú lójú ọ̀nà?

GANÍYÙ: Ó kù díẹ̀. A dé ojú títì, fóònù wọn dún nínú àpò ọ̀tún. Etí mi ló dún sí, mo ta gìrì. Bẹ́líìtì ló gbà wọ́n. Wọ́n ṣí ṣíìpù, wọ́n ní, "Allô? Ẹ pè mí padà, mo wà lórí ẹṣin."

MÙKÀRÁMÀ: Ṣé mo sọ fún ọ nípa àpò yẹn àbí n ò sọ?

GANÍYÙ: Ẹ sọ ọ́, Ìyá. Nígbà tá a dé yídì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n nu ojú mi pẹ̀lú agbádá wọn. Wọ́n ní ọkùnrin tó gbé bàbá ìyàwó tí kò sọ ọ́ nù, kò ní sọ ìyàwó nù. Wọ́n ti fún mi ní Ràdíyàtù!

Mùkàrámà kígbe, ó bẹ́ mọ́ ọn. Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Ganíyù jó, níwọ̀n bí ẹni tó tẹ̀ ti lè jó.

MÙKÀRÁMÀ: Ràdíyàtù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ojú ò tì í?

GANÍYÙ: Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí dé ibẹ̀ ni, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun gbà mí tọkàntọkàn, ọkọ bí èmi ò sí ní gbogbo Abidjan. Òun náà ló rán mi sí yín láàárọ̀ yìí.

MÙKÀRÁMÀ: Ọmọ rere! Ó ní kó o wá bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ganíyù wo ìṣó tó wà lára ògiri. Ó mí kanlẹ̀, ó tú táì, ó sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

GANÍYÙ: Ó ní ó ku ìjánu. Ẹ wá wọn ẹnu mi.